Àbùùbùtán Méjì, Eyín Erin Kan

Ọjọ́ tí Densi kọ́kọ́ fojú kan Reuben, ẹran tútù ló kún ọkùnrin náà lẹ́nu.

Etí òkun Lewopana kún fọ́fọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn atukọ̀ ti fa àbùùbùtán kan gúnlẹ̀, ọ̀bẹ ń lọ ọ̀bẹ ń bọ̀ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti sọ omi etí òkun di pupa. Ni ọkùnrin kan bá sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti ìlú bọ̀. Ó wọ bàtà tó ga dé orúnkún nínú oòrùn tó ń sun ènìyàn, ó ha àpò ìwé mọ́ abíyá. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ìdí ẹran ló gbà lọ tààrà. Ó tọrọ ègé awọ kan tòun ti ọ̀rá funfun abẹ́ rẹ̀, ó sì jù ú sẹ́nu ní tútù.

“Yéè!” ni àwọn obìnrin kígbe.

Ọkùnrin náà di ojú, ó rọra ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń rántí ilé. Nígbà tó lajú, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì bí ojú ẹni tí ọ̀rẹ́ dalẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, “Tiwa dùn ju èyí lọ.”

Densi, ọmọbìnrin abúlé náà, pòṣé. Òun ni wọ́n ní kó wá pàdé ògbóǹtagí tó ń bọ̀ láti ilẹ̀ yìnyín. Òun nìkan ni ọmọ Lewopana tó kàwé nípa ọrọ̀ ajé ní ìlú Kupang, kò sì sí ọjọ́ kan tí abúlé náà kì í tìtorí ìwé yẹn rán an níṣẹ́.

“Ọ̀gá,” ló wí, “ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹ máa nílò rẹ̀.”

Reuben rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, ẹ̀rín ti tán. Ọ̀rá irú àbùùbùtán tí wọ́n ń pa ní Lewopana, bí wọn ò bá tíì sá a sínú oòrùn kí òróró rẹ̀ kán dànù, bí omi ṣe ń la agbọ̀n kọjá ló ṣe ń la ènìyàn kọjá. Ọjọ́ méjì gbáko ni ògbóǹtagí fi ṣe ìwádìí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn.

Ìfẹ́ àwọn ẹlòmíràn a máa gba ojú wọlé. Tiwọn gba inú wọlé, inú rírun sì ni. Densi ló ń gbé omi àgbọn tí wọ́n fi iyọ̀ sí lọ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí ló dé tẹ́ ò kìlọ̀ fún mi?” ni ohùn kan bèèrè láti inú lọ́hùn-ún.

“Mo júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún yín. Ìkìlọ̀ wo ló tún kù?”

Iṣẹ́ tó gbé e wá kò ṣòro lójú àwọn tó rán an. Abúlé méjì ló wà tó ń fi àbùùbùtán jẹun: ti Reuben tó wà létí yìnyín ní àríwá Alaska láàárín àwọn Inupiat, àti Lewopana tó wà lábẹ́ òkè oníná ní erékùṣù Lembata. Yunifásítì kan fẹ́ mọ èyí tó rọrùn láti gbé nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n wá ṣe ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo, ojú ewé méjìdínlógójì, fún àwọn méjèèjì. Ó hàn gbangba pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì dé ọ̀kankan rí.

“Mama,” ni Reuben ń bi Mama Ose, opó àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà létí òkun, “oṣù mélòó lọ́dún ni òkun yín fi ń dì?”

Mama Ose wo òkun, ó wo Reuben. “Kó dì? Ta ló ṣẹ̀ ẹ́?”

“Ẹ fò ó,” ni Densi wí.

“A ò gbọdọ̀ fo nǹkan kan, kí ìṣirò má bàa daru. Mama, èló lẹ fi ń mú kí ilé yín móoru?”

“Ọ̀gá! Òógùn ń bọ́ sórí ìwé tẹ́ ẹ mú dání. Ẹ fò ó!”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ilé dé ilé nìyẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n á máa fi ẹnu ṣe ìfiwéra tí ìwé ò lè ṣe.

“Lọ́dọ̀ wa,” ni Reuben wí, “owó epo rọ̀bì ń dé ọwọ́ ọmọ jòjòló lọ́dọọdún. Àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ń gbé mílíìkì wá. Owó agolo kan lè ra adìyẹ méjì níbí.”

“Adìyẹ wà níbí, owó ni ò sí. Ègé ẹran gbígbẹ kan la fi ń pààrọ̀ àgbàdo méjìlá. Ó parí.”

“Àwọn ọ̀dọ́ yín ń sá lọ sí Malaysia lọ gé ẹyìn.”

“Tiyín ń sá lọ sí ìlú Anchorage lọ jókòó.”

“Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ń jókòó?”

“Ọ̀kan nínú wọn kọ́ ni ìwọ náà?”

Reuben gbé ìwé sílẹ̀. Ó bi í pẹ̀lẹ́, “Ìgbà wo ni mo ti di ‘ìwọ’?”

“Ẹni tí mo ń gbé omi lọ fún lẹ́nu ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣé ‘ẹ̀yin’ ni kí n máa kí i?”

Reuben rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Densi yí ojú sápá kan kó má bàa rí i pé òun náà ń rẹ́rìn-ín. Inú bí i sí ara rẹ̀. Obìnrin tó kàwé, tó ti kọ̀ láti fẹ́ olùkọ́ méjì àti ọlọ́pàá kan, ẹni tí ń wọ bàtà òjò nínú ẹ̀ẹ̀rùn ló wá kó sí i lọ́kàn!

Lọ́sẹ̀ kẹfà, Reuben ní òun fẹ́ lọ rí àwọn ẹbí Densi láti tọrọ rẹ̀. Densi bá a lọ aṣọ funfun kan, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó fetí sílẹ̀ ju bó ṣe ń fẹnu sọ̀rọ̀ lọ.

Bapa Silvester, ẹ̀gbọ́n bàbá Densi, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí òkun gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ènìyàn kúkúrú ni, àmọ́ ìgbéraga rẹ̀ ga ju òpó ìgbòkun lọ. Eyín erin ni Lewopana fi ń gba ìyàwó. Wọn kì í tà á, wọn kì í rà á, láti ilé dé ilé ló ń tẹ̀ lé àwọn ìyàwó kiri. Nígbà tí Reuben gbé ìwé ìbéèrè dé ọ̀dọ̀ Bapa Silvester lóṣù tó kọjá, tó bi í pé mélòó ló wà nílé rẹ̀, ọkùnrin náà dáhùn pé mọ́kànlá. Márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́fà yòókù, láyé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti jáde, wọn ò sì padà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ márùn-ún níwájú ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀?

Reuben kọ mọ́kànlá. Ó wá iye tí wọ́n ń ta eyín erin láyé, ó sọ ọ́ di ìlọ́po mọ́kànlá, ó sì fi ránṣẹ́ sí yunifásítì.

Nígbà tí òun àti Densi fi máa wọlé lọ́jọ́ náà, ìjábọ̀ àkọ́kọ́ ti dé ọwọ́ Pak Kanis, olórí abúlé, Pak Kanis sì ti gbé e dé ibẹ̀. Òógùn ń bò ó.

“Ìwọ lo kọ ọ́,” ni Bapa Silvester wí, inú rẹ̀ dùn, “pé ilé mi lọ́rọ̀ ju ti gbogbo ọlọ́kọ̀ abúlé yín lọ?”

“Ohun tí ìṣirò sọ nìyẹn, Bapa.”

“Ẹ gbọ́, Pak Kanis? Mo ju àwọn tó ń gba owó epo rọ̀bì lọ.”

“Bapa, ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́!” ni Pak Kanis kígbe. “Ta ni yóò tún fún wa ní ìrẹsì àwọn aláìní? Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún ìjọba pé a tòṣì. Ọdún mẹ́rin!”

Bapa Silvester tún wo ìwé náà. Èrò kan ti ń rá wọlé sí i lọ́kàn, ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì ń kú díẹ̀díẹ̀.

“O kọ iye owó kan sí eyín erin wọ̀nyí, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bapa. Iye tí wọ́n ń tà á.”

“Bí ewúrẹ́.” Ó gbé ìwé náà sílẹ̀. “Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi fẹ́ ìyá ìyá mi. Èló lo kọ sí ìyá ìyá mi?”

Bapa Silvester na apá rẹ̀ níwájú Reuben.

“O fẹ́ Densi? Ó dáa. Gbé eyín erin kan wá, kó gùn láti orí ìka mi dé àárín àyà mi. Má rà á o. Èyí tí wọ́n bá rà, eegun ni. Ẹbí rẹ ni kó rù ú wá.” Ó mọ̀ dájú pé Reuben kò ní ẹbí kankan ní gbogbo Lembata.

Níta, Reuben ò lè mú un mọ́ra mọ́. “Lọ́dọ̀ wa, a kì í dá iye lé obìnrin!”

“Ta ló dá iye lé mi?” ni Densi gbà á lẹ́nu. “Ìwọ lo dá iye lé gbogbo wa! Mo ní kó o fetí sílẹ̀, ìwọ ń ṣe ìṣirò. Máa lọ, Reuben. Ọ̀rọ̀ ẹ sú mi.”

Ó lọ lóòótọ́, àmọ́ etí òkun náà ló lọ. Ó ké ìlà eyín erin kúrò nínú ìjábọ̀, ó fi lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí Pak Kanis, ó sì lọ bẹ ọ̀gá ọkọ̀ kan tí atukọ̀ rẹ̀ kan ń ṣàìsàn pé kó jẹ́ kí òun máa wakọ̀ dípò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wakọ̀ lófo, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Densi ń gba etí òkun kọjá lójoojúmọ́ bí ẹni tí ò rí i. Ọjọ́ kan, ó ju ìgò òróró àgbọn sínú ọkọ̀ náà, ó ní, “Fi para. Má rò pé mo ti dárí jì ọ́.”

Lọ́sẹ̀ kẹrin ni wọ́n pa àbùùbùtán. Ní Lewopana, gbogbo ègé ló ní ẹni tó ni ín: ti ẹni tó fi ọ̀kọ̀ gún un, ti ẹni tó kan ọkọ̀, ti ẹni tó rán ìgbòkun. Reuben náà gba ìpín tirẹ̀. Kò mú ọ̀bẹ. Ó gbé e lódindi sí èjìká, òróró ń ṣàn lọ sí i lẹ́yìn, ó gbà á lọ sí ilé Mama Ose, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá náà.

Àwọn èrò etí òkun dá iṣẹ́ dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ ta opó lọ́rẹ níbẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gé tiwọn kúrò. Ọmọ bíbí nìkan ló ń gbé ìpín tí ọ̀bẹ ò kàn wá fún ìyá. Láti ọdún mọ́kànlá tí òkun ti gbé Paulus, ọmọ kan ṣoṣo tí Mama Ose bí, ẹnikẹ́ni ò tíì gbé irú rẹ̀ wọ ilé náà.

“Ta ló rán ọ?” ni Mama Ose bèèrè.

“Kò sẹ́ni tó rán mi, Mama. Nílé wa, ẹran àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹni tó pa á. Ìyá tó dàgbà jù ló ni ín.”

“Gé tìrẹ níbẹ̀.”

“N ò gbọdọ̀ gé e.”

Ìyá náà wò ó títí. Ó wá yíjú sí èrò. “Ẹ ti rí i o,” ló wí. Ó sì fa ẹran náà wọlé.

Densi ti sáré dé. “Ǹjẹ́ o mọ ohun tó o ṣe?”

“Mo fún ìyá àgbà lẹ́ran.”

“O ti sọ ara rẹ di ọmọ rẹ̀! Lójú gbogbo abúlé!” Ó ṣàlàyé fún un, ó ń na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. “O ò tiẹ̀ lè kọ́kọ́ bèèrè kó o tó ṣe nǹkan kan!”

Ó rò pé ẹ̀rù á bà á. Reuben kàn mi orí. “Orúkọ òkú ni wọ́n ń sọ ọmọ nílé wa. Ìyá àwọn tí mo ń jẹ́ orúkọ wọn, ọmọ ni wọ́n ń pè mí. Ìyá mẹ́rin ni mo ní, Densi. Wọ́n di márùn-ún.”

Densi rántí ìwé ìbéèrè náà. Nínú gbogbo ojú ewé méjìdínlógójì yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti bi ẹnikẹ́ni pé ìyá mélòó ló ní.

Lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, Mama Ose jáde síwájú àwọn ọkùnrin ìdílé rẹ̀, wọ́n sì ń kùn. Ó gbé eyín erin kan tó fi aṣọ àdìrẹ pupa ìgbéyàwó rẹ̀ dì. Ìgbà mélòó ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó fi yá àwọn, tó ní rárá, ti ìgbéyàwó Paulus ni? Ó gbé e lé Reuben léjìká ọ̀tún.

“Rọra gbé e,” ló wí. “Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de èjìká.”

Ní ilé Bapa Silvester, baba náà na apá, ó fi ṣóńṣó eyín náà síbi ìka. Ó kọjá ìgúnpá, ó kọjá èjìká, ó dé àárín àyà. Bapa tún na apá sí i, ó yọ àyà síta, ó fi ẹsẹ̀ tiro.

“Ó ku díẹ̀,” ló wí.

“Silvester,” ni Mama Ose wí, “tó o bá tún na apá yẹn sí i, á yọ. Ta ni á wá máa ṣírò eyín mọ́kànlá fún wa?”

Pak Kanis wú ikọ́ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Bapa Silvester rọ apá sílẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa eyín erin náà lára, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pa ọmọ lórí, nítorí òun náà bá Paulus wakọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Densi, ó bi í ní ìbéèrè tí wọ́n ń bi gbogbo ọmọbìnrin Lewopana:

“Ọkùnrin tó jókòó yìí, ṣé o rí i?”

Densi wò ó. Ó ti jókòó bí kò ṣe yẹ. Ó na ẹsẹ̀ síta, òróró ti ta sí aṣọ funfun rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀.

“Mo rí i, Bapa,” ló wí. “Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń sú mi. Mo sì fẹ́ kó máa sú mi lọ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi darúgbó.”

Mama Ose ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.