Ìgò Inú Àpò Wolé-wolé

Ní ọdún 1934, Gbọ́lágadé ni wolé-wolé tí ìjọba yàn sí Ìworò àti àwọn abúlé etí ọ̀sà. Káákì rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré kan wà nínú àpò rẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, ni ó ń sìn sínú rẹ̀. Ilé tí ó bá fún un ní ẹja tàbí adìẹ, omi wọn mọ́. Ilé tí kò bá fún un ní nǹkan, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò wọn, yóò da tanwíji sí i, yóò pè wọ́n wá wo ohun tí wọ́n ń mu, yóò sì pè wọ́n lẹ́jọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe fún Ìyá Sewanu, opó àgbàlagbà kan. Ní kóòtù, ìyá náà ní, "Ẹ̀yin àgbà, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fọ ìkòkò mi. Ṣùgbọ́n ẹni ìjọba kò ní purọ́ mọ́ irú èmi. Ojú mi ló ti ń ṣe bàìbàì. Ẹ má bínú."

Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọjọ́ méje. Gbọ́lágadé kò lè gbójú sókè. Wọ́n ti ṣẹ́ èpè fún un rí, kò mì ín. Ẹni tó gbà á gbọ́ yìí ló dójú tì í.

Mákánjú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń tukọ̀ gbé e padà sílé. "Wolé-wolé, ta ló wo ilé tìrẹ lónìí?"

Gbọ́lágadé yọ ìgò náà, ó jẹ́wọ́, ó sì na ọwọ́ láti jù ú sómi.

Mákánjú di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìwé òfin òyìnbó tí ò ń kà fún wa lòdì sí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kì í ṣe òfin òyìnbó nìkan. Kí òyìnbó tó dé ibí, ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, Dáníẹ́lì sin ọba àjèjì. Àwọn ọ̀tá tú iṣẹ́ rẹ̀ wò, wọn kò rí àṣìṣe kan."

"Èmi kì í ṣe Dáníẹ́lì."

"Mo mọ̀. Nítorí irú ìwọ ni Jésù ṣe kú. Gbé ìgò yẹn padà síbi tí o ti purọ́."

Gbọ́lágadé kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó sọkún, ó ké pe Olúwa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Yí ọkọ̀ padà."

Ó gbé ìgò náà ka iwájú adájọ́, ó sì jẹ́wọ́. Wọ́n tú ìyá náà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Gbọ́lágadé gba ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí ó jáde, Ìyá Sewanu bu omi fún un láti inú ìkòkò kan náà. Gbọ́lágadé mu ún tomijé-tomijé.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, kí ló wà nínú àpò tìrẹ? Ọlọ́run ti rí i. Má wá ọ̀sà tí o máa sọ ọ́ sí. Gbé e wá fún Jésù lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.