Ẹyẹ Tí Ìyá Agnes Ń Sin

Táíyé jẹun àárọ̀ tán, ó ní inú ń run òun. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú. Ọmọ ọdún méje! Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n sáré gbé e lọ ní Àkúrẹ́, nọ́ọ̀sì bi Olúgbémiga, bàbá rẹ̀, pé, "Kí ni ọmọ yìí jẹ?"

"Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, mà."

Irọ́ gbuu. Orí ẹja ni Táíyé jẹ. Olúgbémiga ló sì da oògùn tí a fi ń fín kòkó sínú odò Ìpógùn kí ẹja lè léfòó fún un. Ọkùnrin tí kì í rí ọ̀nà àbùjá kó má gbà á ni. Ó gbà pé ẹja tí a bá ti yọ ìfun rẹ̀, tí a sì yan án gbẹ, májèlé ti tán lára rẹ̀. Ṣebí òun jẹ ìrù ẹja náà, kò sì ṣe òun ní nǹkan kan? Ṣùgbọ́n ìjọba ti kìlọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni fún ẹni tó bá da oògùn sódò, ẹ̀wọ̀n yẹn ló sì ń bà á lẹ́rù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ọlọ́runníyì, aládùúgbò rẹ̀, fi wá bá a.

"Gbémiga, mo rí Ìyá Agnes ní ìdájí. Ó ń gbẹ́ ilẹ̀ létí odò. Lékeléke méje ló sin, lójú mi báyìí! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ló kù tí a fẹ́ bi?"

Àbúrò bàbá Olúgbémiga ni Ìyá Agnes, opó tí ilé rẹ̀ kángun sí odò. Olúgbémiga mọ̀ pé ẹja odò ló pa àwọn ẹyẹ náà. Ìyá arúgbó ti fà á sí kọ̀rọ̀ rí: "Mo rí ìwọ àti agolo oògùn rẹ. Má dán an wò mọ́. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe." Olúgbémiga kò sọ ọ̀kan nínú èyí fún Ọlọ́runníyì. Nígbà tó yá, ó ń bá àwọn ará àdúgbò pe ìyá náà ní àjẹ́, ó sì ń gba ara rẹ̀ gbọ́.

Wọ́n ya bo ẹnu ọ̀nà Ìyá Agnes, wọ́n ní kó kúrò ládùúgbò. Ìbídùnní, ìyàwó Olúgbémiga, ká ọwọ́ lérí. "Ìyá, kí ni mo fi ṣe yín?"

Ìyá Agnes wo ojú Olúgbémiga títí. Ilẹ̀ ni Olúgbémiga ń wò.

"Mò ń lọ," ni ìyá náà wí. "Ẹ ṣáà máa bá mi sin àwọn ẹyẹ náà. Ọmọdé pọ̀ ládùúgbò."

"Ó jẹ́wọ́ o!" Wọ́n hó lé e lórí. Agnes wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ijapo ní Àkúrẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Olúgbémiga tún gbé agolo lọ sódò. Ta ni yóò rí i? Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé rí òkú lékeléke létí odò, ó sì sun ún jẹ. Ní ọ̀sán, ó ti ń yọ ìfófòó lẹ́nu ní ilé ìwòsàn ọjọ́sí. Nọ́ọ̀sì ọjọ́sí náà ló jáde sí wọn.

"Kí ló jẹ?"

"Àjẹ́ ni, mà," ni Ọlọ́runníyì dáhùn. "Àkúrẹ́ níbí ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ dákẹ́ jàre! Bí dókítà kò bá mọ oró tó wọ inú rẹ̀, ọmọ yìí á kú. Bàbá, kí ló jẹ?"

Ìyẹ́ funfun kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀wù Kẹ́hìndé. Olúgbémiga rí i.

"Ẹyẹ tó jẹ ẹja ni. Oògùn kòkó ni, mà. Èmi ni mo dà á sódò. Èmi ni."

Wọ́n sáré gbé ọmọ wọlé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Kẹ́hìndé lajú, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Olúgbémiga bú sẹ́kún.

Ìbídùnní kò sunkún. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe Olúgbémiga ní "ìwọ" rí. Bàbá Ìbejì ni, ẹ̀yin ni.

"Ìyá Agnes mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Wọn ò sì sọ. Ìwọ, Gbémiga, nọ́ọ̀sì yìí kan náà ló bi ọ́ lọ́jọ́ Táíyé. Kí lo sọ fún un?"

Olúgbémiga fi etí ẹ̀wù nu ojú.

"Ẹ̀kọ," ló wí. "Mo ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín."