Wáyà Tó Já Nínú Rọ́bà

Ọ̀sán gangan ni ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá aránṣọ dákẹ́ lójijì. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò mira. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń gbọ́ ẹ̀rọ onígbàjámọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì tó ń kùn yìn-ìn lẹ́yìn ògiri.

Ó fò dìde, ó lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó rí ọkùnrin yìí lórí àga, tó ń tọwọ́ bọ òkè níbi tí wáyà gbà. Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń fu ú.

"Kí lẹ fi wáyà mi ṣe?"

"Wáyà kẹ̀? Dígí ni mo gbé kọ́ lọ́jọ́ yẹn."

"Dígí! Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí!"

Ó padà wọlé, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ní òun á gé wáyà náà wò fúnra òun.

"Ẹ má gé e!" Onígbàjámọ̀ ti sáré tẹ̀ lé e, ó sì pa suwíìṣì ńlá ara ògiri. "Ẹ jẹ́ n pe àbúrò mi, oníṣẹ́ iná ni."

"Kẹ́ ẹ lè jọ bo àṣírí ara yín? Ó tì o."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ ni ìyá aránṣọ pè, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ iná. Ìyẹn yẹ fúùsì wò, kò jó. Ó wá ń fi ìka tẹ wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ tábìlì ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ó la rọ́bà ibẹ̀: wáyà inú rẹ̀ ti já.

"Àǹtí, wáyà kan ń gbé iná wá, èkejì ń dá a padà. Bí ọ̀nà bá já níbì kan péré, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́. Ta ló gbé tábìlì lé e?"

Ìyá aránṣọ wo tábìlì náà. Òun ló sún un síbẹ̀ ní Sátidé, kó lè ríran dáadáa.

"Èmi ni."

"Ká ní ẹ ti gé e kí wọ́n tó paná, iná ì bá gbé yín. Ẹ̀rọ lè kú kí iná ṣì wà nínú wáyà."

Ìyá aránṣọ yíjú sí onígbàjámọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dákun, mo purọ́ mọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ tún gbà mí là."

"Kò burú. Ẹ ṣáà gbé tábìlì yẹn kúrò."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí nǹkan oníná bá dákẹ́, ẹ má fura sí aládùúgbò, ẹ má sì fi ọ̀bẹ tàbí sísọ́ọ̀sì kan wáyà. Ẹ pa suwíìṣì ńlá, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ iná. Ẹ má gbé ẹrù lé wáyà, ẹ má sì fi ọ̀rá di èyí tó já. A lè ra ẹ̀rọ mìíràn; a ò lè ra ẹ̀mí.