Bẹ́líìtì Ìjókòó Apá Òsì

Ẹ má kà á sí àlọ́. Ó ṣojú Hilda Prosser kòrókòró, Hilda kì í sì í purọ́, pàápàá lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní ìlú Crewe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni. Ogójì ọdún ni Mervyn ọkọ rẹ̀ fi rán awọ ìjókòó ọkọ̀ olówó níbẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra ọ̀kan lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó ti gbó, ó tún un ṣe títí ó fi ń dán. Mervyn ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Hilda wá ń kó lọ sọ́dọ̀ Clive ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ò sì gba ọkọ̀ méjì. Ọ̀la ni ẹni tó fẹ́ ra ti Mervyn ń bọ̀.

Ọkàn Hilda ò gbà. Bó bá ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ yẹn, awọ apá òsì á rọra wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí ìgbà téèyàn jókòó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àdúrà ló ń gbà.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká fi tèmi lọ síjọ lónìí," ni Clive wí. Ọkọ̀ oníná ni tirẹ̀, tuntun, ó ń fọhùn. "Tiyín ń mu epo bí ọ̀mùtí."

"Tìẹ ńkọ́? Ó jọ àga oníṣègùn eyín."

"Kì í sáà pariwo."

"Òkú náà kì í pariwo."

Clive rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọkọ̀ Clive gbéra. Oòrùn ràn yòò. Ọkọ̀ náà ń yọ́ lọ bí ológbò. Hilda nìkan ló wà lẹ́yìn.

Ohùn obìnrin kan jáde látinú ọkọ̀: "Ẹni tó wà lẹ́yìn lápá òsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ de bẹ́líìtì yín."

"Màmá, ẹ gbé báàgì yín kúrò níbẹ̀."

"Ó wà lẹ́sẹ̀ mi."

Ohùn náà tún un sọ. Clive ṣépè fún ẹni tó ta ọkọ̀ fún un.

Hilda yíjú. Awọ ìjókòó náà ti wọlẹ̀.

Ó nawọ́, ó fa bẹ́líìtì náà. Kò tètè dé ibi tó yẹ kó dé. Àfi bíi pé ó ń gba orí ikùn kọjá. Ó fà á, ó fà á, ó dún kó.

Ohùn náà dákẹ́.

Hilda bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Clive, ẹ mà ti sanra o!"

"Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Sọ fún oníbàárà yẹn kó wá lọ́la. Kó máa gbé ọkọ̀ àtijọ́ yẹn lọ."

"Ọkàn yín ti wá gbà?"

"Kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀ mọ́."

Clive wo ẹ̀yìn nínú dígí. Ó tún wò ó. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìjọ, jẹ́jẹ́ ló ń wakọ̀, bí ẹni tó gbé àgbàlagbà méjì.