Ike Kẹ̀lẹ̀bẹ̀

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí mo tọrọ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ mi ni. Ilé-ìwòsàn ló rán wa lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n láti yẹ gbogbo ẹlẹ́wọ̀n wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Owó ò tó láti yẹ tẹnì kọ̀ọ̀kan wò, la bá ń po kẹ̀lẹ̀bẹ̀ èèyàn mẹ́rin pọ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá sí àrùn níbẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ nìyẹn.

Ó gba ike lọ́wọ́ mi, ó ń yí i wò.

"Àǹtí, ṣé kí n tutọ́ sí i ni?"

"Itọ́ kọ́. Mí kanlẹ̀, kí o wú u láti inú àyà."

Ó wúkọ́ títí, nǹkan kan ò jáde. "Ẹ má bínú, ìfẹ́ nìkan ló wà láyà mi."

Wọ́dà bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wú u jáde tán, kò sí àrùn kankan lára rẹ̀ lóòótọ́.

Káfíńtà ni, ìjà ló gbé e dẹ́wọ̀n. Bí mo bá ti gbé oògùn wá fún àwọn aláìsàn, á ti dúró dè mí: "Àǹtí Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Bó ṣe kúrò ní "ẹ" tó di "ìwọ" nìyẹn, tó fi di "ayọ̀ mi." Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí n má purọ́.

Bàbá mi gbọ́, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀wọ̀n kì í ranni, ọmọ mi. Kó jáde, kó wá. Ṣùgbọ́n ikọ́ yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá wà lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ tẹ ilé mi."

"Bàbá, oògùn oṣù mẹ́fà ni, ọ̀fẹ́ sì ni."

"Mo ti sọ tèmi."

Ẹnu ara mi yìí ni mo fi sọ ọ́ fún káfíńtà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde, a tún lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ó ń wúkọ́. "Eruku pákó ni, ayọ̀ mi." Ó gba ike, ó wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé e padà fún mi. Kò sí àrùn. Mo jó níwájú ẹ̀rọ, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣé orí mi pé ṣá.

Ó jáde, a dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó tún ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ṣe, òun àti Bàbá á sì jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Bàbá kórìíra atẹ́gùn, kì í ṣí fèrèsé. Bó bá wúkọ́, Bàbá á ní, "Pẹ̀lẹ́, àna mi."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó fi ikọ́ tó ń hú pa mọ́ fún wa títí kò fi lè dìde mọ́. Ìgbà tí mo gbé ike sí i lẹ́nu, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Oṣù tó yẹ ká ṣègbéyàwó la sin ín.

Mo gbé ike síwájú káfíńtà. "Wú u lójú mi."

Àrùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́.

"Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ta lo fún mi nígbà yẹn?"

"Ti ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní yàrá. Bí o bá rí i lára mi, bàbá ẹ ò ní fi ẹ́ fún mi. Mo ní tá a bá ti gbéyàwó tán, màá sọ."

"Oṣù mẹ́fà péré! Ǹ bá ti dúró dè ẹ́!"

Ìyá mi ò pariwo. "Ẹni tó pa ọkọ mi ò ní di ọkọ ọmọ mi." Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Àṣẹ ni pé kí aláìsàn gbé oògùn mì lójú òṣìṣẹ́. Lárààárọ̀ ni káfíńtà ń wá síwájú fèrèsé mi nílé-ìwòsàn. "La ẹnu ẹ, kí n rí i." Á là á. Á máa wò mí, èmi á máa wo ahọ́n rẹ̀.

Lánàá ló lo èyí tó kẹ́yìn.

"Àyà ẹ ti mọ́," mo ní. "Máa lọ sílé."

"Àǹtí Kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó ku nǹkan kan níbẹ̀ o."

Ó wà láyà tèmi náà. Mo na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ta ló kàn?"