Iná Ojú Dáṣíbọọ̀dù Kò Rí Ọ́ìlì

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni. Sàlámọ̀tù ń gbá iwájú ilé wọn ní Àpòmù nígbà tó kan ibi tó dúdú lórí iyẹ̀pẹ̀, níbi tí Sàídì ọkọ rẹ̀ máa ń gbé ọkọ̀ sí. Ó fi ìka kàn án. Ó ń yọ̀, ọ́ìlì ló sì ń rùn.

"Bàbá Mọ́nsúrù, nǹkan ń jò lábẹ́ ọkọ̀ yìí o."

Sàídì, tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ lọ́wọ́, rẹ́rìn-ín. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó sítáátì rẹ̀, ó sì ní kí ìyàwó òun wá wo dáṣíbọọ̀dù.

"Ṣé o rí iná kankan níbẹ̀?"

"Mi ò rí i."

"Ọkọ̀ Amẹ́ríkà nìyí. Bí ọ́ìlì bá ti gbó, fúnra rẹ̀ ni yóò tan iná pé kí n lọ pàrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń bá olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Fọkàn balẹ̀."

Sàlámọ̀tù kò jiyàn. Kí ló mọ̀ nípa ọkọ̀? Ó bu iyẹ̀pẹ̀ bo ibẹ̀, ó sì ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ohun eré nínú ilé yìí. Oko kòkó tí bàbá Sàídì fi sílẹ̀ fún un ní Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù ló tà ní ọdún 1996, kó tó lè ra tòkunbọ̀ náà. Rùfáì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má ta ohun tí bàbá wọn fi òógùn gbìn. Sàídì ní àdá ti bó òun lọ́wọ́, iṣẹ́ oko ti sú òun. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ yìí ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n ń mu. Sàídì fi ń kó èrò láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Sàlámọ̀tù ń dín dòdò Ìkirè nílé, ọkọ̀ náà ló sì fi ń kó o lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ifẹ̀.

Iná tí Sàídì ń sọ yẹn ti tàn rí. Aláwọ̀ ọsàn ni. Sàídì ṣì wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lọ bá Barnabas, mẹkáníìkì rẹ̀ ní Ìkirè, tó pàrọ̀ ọ́ìlì, tó sì pa iná náà. Nǹkan kan kò ṣe ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Sàídì kò ti fa gééjì yọ mọ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí awakọ̀ fi ń wo iye ọ́ìlì tó kù nínú ẹ́ńjìnnì.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gbéra lọ sí Ifẹ̀. Sàlámọ̀tù jókòó níwájú, apẹ̀rẹ̀ dòdò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lára àwọn èrò ẹ̀yìn ni ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọlé ní Ìkirè, Olúkẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, títún ọkọ̀ ṣe ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ.

Wọn kò tíì dé Wásinmi tí iná kékeré kan fi tàn níwájú Sàídì.

"Iná kan tàn," Sàlámọ̀tù ní.

"Èwo?"

"Pupa. Ó dà bíi búútà àlùwàlá."

"Ọ́ìlì ni. Ó ní ká pàrọ̀ rẹ̀. Bá a bá padà dé, màá lọ bá Barnabas."

"Ti ìjọ́sí kì í ṣe pupa."

"Sàlámọ̀tù, iná ni iná."

Olúkẹ́mi na ọrùn láti ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé iná ọ́ìlì pupa ló tàn? Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ ká lọ síwájú mọ́."

"Wásinmi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé yẹn, àbúrò. A óò dúró níbẹ̀."

Wọn kò dé Wásinmi. Ariwo kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, bí ẹni ń fi irin gún irin nínú odó. Ó le sí i, ó tún le sí i. Ó wá dún gbì lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ sì dákẹ́. Sàídì yí kọ́kọ́rọ́, kò mira. Ó tún un yí. Èéfín ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí ooru rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, Olúkẹ́mi fa gééjì yọ, ó nù ún, ó tì í padà, ó tún fà á yọ. Irin náà gbẹ bí igi ìdáná.

"Ọ́ìlì ti jò tán, sà."

"Ṣùgbọ́n ó yẹ kó sọ fún mi," Sàídì ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Iná tó ń wo ọ́ìlì wà nínú ọkọ̀ yìí."

"Kì í wo ọ́ìlì, sà. Ìṣirò ló ń ṣe." Olúkẹ́mi yíjú sí Sàlámọ̀tù. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń dín dòdò. Ká ní ẹnì kan jókòó sínú yàrá, tó ń ka iye ìgbà tẹ́ ẹ da ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú epo, tó sì ń gbọ́ bí iná yín ṣe le tó. Bó bá ṣírò rẹ̀ pé epo yẹn á ti gbó, á ké sí yín pé kẹ́ ẹ pàrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wo inú ìkòkò. Bí ìkòkò bá ń jò, ṣé á mọ̀?"

"Kò lè mọ̀."

"Bí wọ́n bá ta àdàlù epo fún yín ńkọ́?"

"Kò ní mọ̀ ọ́n."

"Bí kọ̀ǹpútà kékeré inú ọkọ̀ yìí ṣe rí nìyẹn. Ó ń ka bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ó ń wo bó ṣe ń gbóná tó. Èyí ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí ọ́ìlì ti gbó, á wá tan iná aláwọ̀ ọsàn. Bí mẹkáníìkì bá pa iná yẹn láì pàrọ̀ ọ́ìlì pàápàá, kọ̀ǹpútà á gbà pé wọ́n ti pàrọ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tuntun. Iná pupa yàtọ̀. Òun ló ń sọ pé ọ́ìlì kò dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Kì í sọ̀rọ̀ ọ̀la, sà. Ìsinsìnyí ló ń sọ."

Sàídì jókòó sórí koríko, ó ń wo ọ̀nà.

Barnabas ló wá fi ọkọ̀ mìíràn fà á padà sí Ìkirè. Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

"Ṣé kò ṣe é tún ṣe?" Sàídì bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti nọ́ọ̀kì. Àwọn irin inú rẹ̀ ti jẹ ara wọn. Ẹ́ńjìnnì mìíràn lẹ máa rà."

Níbo ni wọn yóò ti rí i? Oko kòkó kò sí mọ́. Ọkọ̀ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù Barnabas títí koríko fi hù yí i ká, kí Sàídì tó tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà. Rùfáì wá kí wọn. Kò bá àbúrò rẹ̀ wí, kò dárúkọ oko. Ó jókòó, ó mumi, ó lọ. Ìbáwí ì bá tilẹ̀ sàn fún Sàídì.

Ní báyìí, oko olóko ni Sàídì ti ń ṣe lébìrà lọ́nà Wásinmi. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á jẹun, á sì kọjú sógiri. Sàlámọ̀tù ti dẹ́kun bíbá a sọ pé yóò dára. Òun náà rántí iyẹ̀pẹ̀ tó bù bo ọ́ìlì yẹn, kò sì rí ẹni tó lè sọ fún.

Etí títì ní Ìkirè ló jókòó sí báyìí, tó ń ta dòdò fún àwọn tó ń kọjá. Bí awakọ̀ bá ti dúró, ó máa ń béèrè bóyá ó ti fa gééjì wò láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé Ifẹ̀ ná, màmá," ọ̀kan nínú wọn wí lánàá. Sàlámọ̀tù wo abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ títí tó fi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ jọ̀wọ́, iná tó ń ránni létí ìgbà tí a ó pàrọ̀ ọ́ìlì dára, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ojú yín. Kó tó di pé ẹ gbéra láàárọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ fa gééjì wò. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ sùn, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ẹ wá ibi tó ti ń jò. Ọwọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán ni kí ẹ ti ra ọ́ìlì, kí ẹ sì rí i pé ó ti wọnú ẹ́ńjìnnì kí mẹkáníìkì tó pa iná ìránnilétí. Bí iná pupa bá tàn, ẹ má sọ pé ó ku díẹ̀ kí ẹ dé. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ará ilé yín bá sì sọ pé òun rí nǹkan, kódà bí kò mọ ọkọ̀ wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó.