Mo Kà Á Dé Ìsàlẹ̀

Adéjùmọ̀kẹ́ ń sáré lé bọ́ọ̀sì lábẹ́ òjò ní Harrow Manorway, ní London, nínú yúnífọ́ọ̀mù tó fi ń tọ́jú àwọn arúgbó, ló bá rí ọkùnrin kan tó bọ́ kóòtù rẹ̀ bo ìdì ìwé, tí òjò wá ń pa òun alára. Ẹ̀rín pa á. Bọ́ọ̀sì sì lọ.

"Sistá, ẹ ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò?"

"Èmi tí mo wà lórí fisà?"

"Ṣebí ọmọ Nàìjíríà ni yín? Ẹ lè dìbò ìjọba ìbílẹ̀. Wọn ò sọ fún yín ni?"

Bóyá wọ́n sọ, kò ráyè gbọ́. Ọdún méjì ní Thamesmead, kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan tó ń ṣojú àdúgbò rẹ̀. Ojú tì í, ó sì forúkọ sílẹ̀.

Fọlọ́runṣọ́ lorúkọ ọkùnrin náà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ní Crossness, níbi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú mọ́. Kò pẹ́ tó fi ń dúró dè é ní ibùdókọ̀, tí á máa ka ìròyìn àdúgbò fún un. Adéjùmọ̀kẹ́ á ti máa tòògbé.

"Jùmọ̀kẹ́ mi, kí ni mo sọ kẹ́yìn?"

"O ní o nífẹ̀ẹ́ mi."

"Ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ni mo ń sọ!"

Wọ́n fẹ́ ti ilé ìkàwé àdúgbò pa, olùdíje kan sì ti ṣèlérí pé òun ò ní gbà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Fọlọ́runṣọ́ fi forúkọ ọgọ́ta ọmọ ìjọ rẹ̀, tí Adéjùmọ̀kẹ́ náà ti ń lọ báyìí, sílẹ̀ nítorí ẹ̀.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀la, bí Adéjùmọ̀kẹ́ ṣe ń ti ilé arúgbó kan lọ sí òmíràn, ọ̀rọ̀ kan wọ fóònù rẹ̀: "Ẹ kú ìmúra ìbò o, ẹ̀yin ará..." Ó gùn. Ó ní á ran olólùfẹ́ òun lọ́wọ́, ló bá fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn obìnrin ìjọ: "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́ o."

Lọ́jọ́ kejì, nínú ọgọ́ta, èèyàn méje ló yọjú.

"Ẹnì kan ló kọ ọ́ ránṣẹ́ sáwọn obìnrin pé wọ́n á gba fisà ẹni tó bá dìbò," Fọlọ́runṣọ́ sọ. "Irọ́ ni. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé èmi ni mi ò ṣàlàyé dáadáa."

Adéjùmọ̀kẹ́ ṣí fóònù rẹ̀. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Yéè! Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé e mì. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti fọ́. Ó ti fóònù náà bọ àpò, kò jẹ́wọ́.

Ìbò mọ́kànlá ni olùdíje wọn fi fìdí rẹmi. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, Fọlọ́runṣọ́ dìde, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ. Ara Adéjùmọ̀kẹ́ ò gbà á mọ́.

"Ẹ má dá a lóhùn! Èmi ni mo fi irọ́ fisà yẹn ránṣẹ́. Mi ò kà á. Mo sì tún dákẹ́."

Fọlọ́runṣọ́ gbé kóòtù rẹ̀, ó sì jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò pè. Ìtìjú fẹ́ lé Adéjùmọ̀kẹ́ kúrò ní ìjọ, ṣùgbọ́n kò lọ. Lẹ́yìn ìsìn, ó ń ka ìròyìn àdúgbò fáwọn obìnrin, á sì máa fi kún un pé: "Mo kà á dé ìsàlẹ̀."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá Fọlọ́runṣọ́ ní ibùdókọ̀. Ìwé ni Fọlọ́runṣọ́ nà sí i, ojú ewé mẹ́ta. Ìbínú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kò fi bò. Lẹ́yìn náà, bí àárò rẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì dé, bọ́ọ̀sì lọ, Adéjùmọ̀kẹ́ ò gbójú sókè. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá: "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo kà á dé ìsàlẹ̀," ó sọ, omi lójú.

"Èsì ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Jọ̀ọ́, má tíì fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún Mummy mi."